Ṣé kọ̀ǹpútà lè bí táìmù-tébù fún wa? Ìdáhùn fún vice principal kan l'Óṣogbo

Vice principal ni ẹni tó kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan l'Óṣogbo ni wọ́n wà. Kíláàsì 12 ni wọ́n ní, JSS1 dé SS3, A àti B, tíṣà 23. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mà yìí fi ń to táìmù-tébù lórí kádíbọ́ọ̀dù ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sẹ́ṣọ̀n, wọ́n á sì tún máa tún un tò títí dé mid-term. Ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ló wá sọ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ genetic algorithm, pé ó ń ṣe bí ẹ̀dá ṣe ń bímọ, pé òun lè fi ṣe gbogbo ẹ̀ tán ní wákàtí kan. Ìbéèrè wọn rèé: “Ṣé nǹkan yìí ti ṣiṣẹ́ níbì kankan lóòótọ́, àbí pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì lásán ni? Tí ẹnìkan bá sì wá tà á fún wa, kí ni ká bi í?”

Mà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀sẹ̀ méjì lórí kádíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti ṣe táìmù-tébù rí ló mọ̀ pé tí èèyàn bá gbé Biology SS2A kúrò ní Wednesday, nǹkan mẹ́rin míì ló máa wó lulẹ̀ níbòmíràn.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti bá wọn ṣe nǹkan tó lọ sí òfurufú, màá sọ ìyẹn tó bá yá. Àmọ́ ohun tí ọmọ wa ò tíì sọ fún yín (bóyá òun náà ò tíì mọ̀) ni pé kóòdù ibẹ̀ ò le, ọmọ tó bá mọ Python díẹ̀ (èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù) á kọ ọ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Ohun tó le ni kí ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà, láìfi ohunkóhun pamọ́, ohun tí ẹ ń pè ní táìmù-tébù tó dáa. Torí ohun tí ẹ bá wọ̀n ló máa fún yín, ohun tó wà lọ́kàn yín kò kàn án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ṣé ẹ mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe àgbàdo, tí wọ́n bá kórè tán wọn ò ní mú èyí tó bá ṣáà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ gbìn, wọ́n á ṣa èyí tó yọmọ jù, wọ́n á so ó kọ́ sókè àárò kí èéfín máa fín in kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n máa fi ṣe irúgbìn tí òjò bá dé. Àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn náà, ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gẹ́ nìyẹn, wọ́n mú èyí tí àrùn mòsáìkì kì í tètè mú, wọ́n fi gba èyí tó ń ta dáadáa, wọ́n ṣa àwọn ọmọ, wọ́n tún fi wọ́n gba ara wọn, irú iṣẹ́ yẹn ló bí TMS 30572 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó jókòó ya àwòrán àgbàdo tó dáa sórí ìwé kó tó wà. Wọ́n kàn mọ èyí tó dáa tí wọ́n bá ti rí i ni. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

John Holland, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní University of Michigan l'Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1975 pé kọ̀ǹpútà náà lè máa ṣe bí àgbẹ̀ yẹn. Àwọn ará Jámánì ti ń ṣe tiwọn ṣáájú, a máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ wá wo tiyín. Píríọ́dù 8 lóòjọ́, ọjọ́ 5, ìyẹn 40 fún kíláàsì kan, 480 fún gbogbo ilé-ìwé. Tó bá jẹ́ nǹkan 10 péré lẹ fẹ́ tò sórí ìlà, ọ̀nà 3,628,800 ló wà tí ẹ lè gbà tò ó. Tó bá di nǹkan 20, nọ́ńbà yẹn ti ní dígítì 19. Tó bá di 40, dígítì 48. Òótọ́ ni pé Maths ti Monday àti Maths ti Tuesday ò yàtọ̀ síra, nítorí náà tiyín ò tó bẹ́ẹ̀ gan-an, àmọ́ kíláàsì kan ṣoṣo nìyẹn o, ẹ ṣì ní mọ́kànlá míì tí gbogbo wọn jọ ń fa tíṣà kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa yẹ gbogbo ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀.

Nítorí náà kì í dán gbogbo ẹ̀ wò. Á kọ́kọ́ da táìmù-tébù 100 sílẹ̀ bó ṣe wù ú, bí ẹni da ọmọ ayò. Gbogbo wọn ló máa burú, tíṣà kan á wà ní kíláàsì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ èyí tó burú jáì àti èyí tó burú díẹ̀ yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ yẹn la fẹ́. Á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Lẹ́yìn náà á mú mẹ́ta láìwojú, èyí tó gba máàkì jù nínú mẹ́ta yẹn á di bàbá, á tún mú mẹ́ta míì, á fi rí ìyá, àwọn méjèèjì á bímọ, ọmọ á mú díẹ̀ lára bàbá, á mú díẹ̀ lára ìyá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á tún fọwọ́ kan ọmọ náà kí píríọ́dù méjì pààrọ̀ àyè, kó má bàa jẹ́ pé ohun tí àwọn òbí ní nìkan ló máa wà láyé títí. Tí ọmọ bá ti pé 100, àwọn àgbà á kúrò nílẹ̀, àfi èyí tó dáa jù nínú wọn tí a máa dá sí. Ká tún bẹ̀rẹ̀. Ká ṣe ìran 500 báyìí, ẹ ó rí i pé máàkì ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lè sọ pé kí ló dé tí kì í kàn jẹ́ kí èyí tó dáa jù nìkan máa bímọ. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ju ìran bíi mélòó kan lọ tí gbogbo ilé á ti jọra bí ìbejì, kò sí ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni lè fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ti há síbi tó wà nìyẹn, ibẹ̀ sì lè má dáa rárá. Èyí tó burú díẹ̀ náà lè ní JSS3A tó dára jù nínú gbogbo wọn, ó kàn jẹ́ pé ìyókù ara ẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ bíbímọ yẹn gan-an ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ yunifásítì ń kú sí, ẹ sọ fún ọmọ yín kó ṣọ́ra. Tí ẹ bá gé táìmù-tébù ní ìlàjì, Monday sí Wednesday láti ọ̀dọ̀ bàbá, Thursday àti Friday láti ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ máa rí ọmọ tó ní Maths méje tí ò ní English rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òdo, nígbà tó bá yá gbogbo ọmọ ló ń gba òdo, kò wá sí ohun tí wọ́n máa fi ṣa ọ̀kan nínú wọn mọ́, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀ ò kúrò lójú kan. Èmi kì í gé e lọ́jọ́, kíláàsì ni mo fi ń gé e. Ọmọ á gba JSS1A lódindi lọ́wọ́ bàbá, á gba JSS1B lódindi lọ́wọ́ ìyá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé SS3B. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ti ní iye Maths àti iye English tó yẹ kó ní, ohun tó kù tó lè bàjẹ́ ni kí tíṣà kan bọ́ sí kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kí kíláàsì méjì pàdé ní láàbù, ìyẹn la máa fi gé máàkì ẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ, inú kíláàsì kan náà la ti máa pààrọ̀ píríọ́dù méjì, iye ò ní yí padà. Ọgbọ́n kékeré ni, àmọ́ òun ló yà èyí tó ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ sí èyí tó ń gbóná láptọ́ọ̀pù lásán.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ máàkì, torí ibẹ̀ ni mo ti jìyà.

Nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ rárá, bíi tíṣà kan ní kíláàsì méjì. Nǹkan kan sì wà tí a ò fẹ́ àmọ́ tí a lè fara dà, bíi Maths ní píríọ́dù tó kẹ́yìn nígbà tí oorun ti ń kun àwọn ọmọ, tàbí tíṣà tó ní iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù tí kò tún ní òmíràn títí dìgbà tí wọ́n fẹ́ jáde. A máa ń fi iye lé wọn lórí. Táìmù-tébù àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ilé-ìwé kan, mo ní kí tíṣà tó wà níbi méjì gba ìyà 10, kí àlàfo láàárín iṣẹ́ tíṣà gba ìyà 1. Mo tan láptọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo sùn, mo jí, ó ti fún mi ní èyí tí kò sí tíṣà kankan tó wà níbi méjì, àlàfo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, inú mi dùn débi pé mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà aláràbarà, mo gbé e lọ fún wọn. Pírínsípà wò ó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. JSS2B ní Maths máràrún ní Monday, wọ́n tẹ̀lé ara wọn, píríọ́dù kìíní dé ìkarùn-ún.

Kọ̀ǹpútà ò jẹ̀bi o. Mo ní kí tíṣà má ní àlàfo, ó gbọ́ mi dáadáa. Mi ò sọ fún un pé ọpọlọ ọmọ JSS2 kì í ṣe irin.

Mo tún un ṣe. Wọ́n ní Friday aago kan sí méjì, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ ní Chemistry nígbà tí tíṣà Chemistry bá wà ní Jímọ̀? Mo tún un ṣe. Wọ́n ní kọ́pà tó ń kọ́ Economics, Wednesday ni CDS ẹ̀, èmi sì ti kó bí ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ sí Wednesday. Kò sí èyí tó wà nínú kóòdù mi nínú gbogbo ẹ̀, torí nígbà tí mo bi wọ́n léèrè òfin wọn, kò sẹ́ni tó rántí láti sọ nǹkan tí gbogbo ilé ti mọ̀. Mà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀sẹ̀ méjì to kádíbọ́ọ̀dù, orí yín ni gbogbo òfin yẹn wà, ẹ ò sì mọ̀ pé òfin ni. Ọjọ́ tí ọwọ́ yín bá fẹ́ gún píìnì kan tí ẹ wá fà á padà, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fà á padà sílẹ̀. Ìwé yẹn níyì ju kóòdù lọ.

Ẹnìkan á bi mí pé ta ló tiẹ̀ sọ pé 10 àti 1, kí ló dé tí kì í ṣe 50 àti 3? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, èmi ni mo ronú ẹ̀ kan. Ọ̀nà kan wà tí kò ní jẹ́ ká máa ro iye yẹn, Kalyanmoy Deb àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní IIT Kanpur ní Íńdíà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002, NSGA-II lorúkọ ẹ̀, kàkà kó da gbogbo ìyà pọ̀ sójú kan, á gbé ọ̀pọ̀ táìmù-tébù síwájú yín, èyí tó rọrùn fún tíṣà jù, èyí tó rọrùn fún ọmọ jù, àtàwọn tó wà láàárín, ẹ̀yin fúnra yín á wá mú. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí pírínsípà máa ń mọ ohun tó fẹ́ nígbà tó bá rí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kì í mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó yá, ẹ ní ṣé ó ti ṣiṣẹ́ níbì kankan. Ní March 22, 2006, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé sátẹ́láìtì kéékèèké mẹ́ta lọ sókè, ST5 lorúkọ iṣẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju nǹkan bíi kílò 25. Áńtẹ́nà kan wà lára wọn tí kì í ṣe èèyàn ló yà á. Jason Lohn, Gregory Hornby àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ní NASA Ames ní California sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tí áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ ṣe, wọ́n sọ bí àyè ṣe kéré tó, kọ̀ǹpútà wá ń ká wáyà, ó ń fi sọ́fítíwíà tó mọ bí rédíò ṣe ń rìn wọ̀n ọ́n, ó ń ṣa, ó ń bímọ. Ohun tó jáde dà bíi pé ọmọdé mú pin ìwé inú ọ́fíìsì ló ń ká a ṣeré, wáyà tó ṣẹ́ síbí, tó ṣẹ́ sọ́hùn-ún, kò sí ẹnjiníà tó máa ya irú ẹ̀ tó máa lójú láti gbé e fọ́gàá. Nígbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, méjì irú áńtẹ́nà tí èèyàn yà fún iṣẹ́ náà, 38% ni iṣẹ́ tó jáde lára wọn, méjì irú ti kọ̀ǹpútà yìí, 93%.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yẹn rèé, ó sì kàn yín. Wọ́n ti ṣe áńtẹ́nà kan tán tẹ́lẹ̀ ni, nígbà tó yá wọ́n yí ọ̀nà tí sátẹ́láìtì máa gbà yí ayé po padà, áńtẹ́nà àkọ́kọ́ ò bá a mu mọ́. Tó bá jẹ́ èèyàn ló yà á ni, ó di kí ó padà sídìí iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n padà, wọ́n tún gbé kọ̀ǹpútà dìde, kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ tí tuntun fi wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá ronú tíṣà Physics tó fi lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sórí tébù yín ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Lórí kádíbọ́ọ̀dù, ẹkún ni. Tó bá jẹ́ pé òfin yín ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ máa pa orúkọ kan rẹ́, ẹ kọ òmíràn, ẹ lọ jẹun.

Imú reluwé N700 ní Japan náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2007, irú ọ̀nà yìí ni wọ́n fi wá a, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa dún bí àrá tí reluwé bá ń jáde nínú ihò òkè. Ẹ wo ohun tó jọra láàárín òun àti áńtẹ́nà yẹn: kò sí fọ́múlà tó máa sọ pé báyìí ni kí imú rí, àmọ́ tí ẹ bá gbé imú wá, ẹ lè wọ̀n ọ́n. Kọ̀ǹpútà tó ń bímọ, irú ibẹ̀ yẹn ni ilé ẹ̀.

Àwọn ará Jámánì tí mo sọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ dárúkọ wọn ni pé wọn ò lo kọ̀ǹpútà rárá níbẹ̀rẹ̀. Ingo Rechenberg àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Hans-Paul Schwefel, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin. Ní 1964 wọ́n gbé ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé sí mẹ́fà, tí wọ́n fi ìdè márùn-ún so pọ̀, sínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ìdè kọ̀ọ̀kan lè dúró sí ọ̀nà 51, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 345,025,251. Wọ́n ká a bí ẹni ká abẹ̀bẹ̀, wọ́n wá ń yí ìdè díẹ̀díẹ̀, bí oríire bá ṣe ní kí wọ́n yí i, bí ẹni ń ju ọmọ ayò lúdò, tí atẹ́gùn bá kọjá dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wọ́n á fi síbẹ̀, tí kò bá dáa wọ́n á dá a padà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i o! Ó rìn títí, ó di pẹrẹsẹ.

Ṣebí gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé pẹrẹsẹ ni atẹ́gùn fẹ́? Òun gan-an ló jẹ́ kí wọ́n yàn án. Ẹni tó ra òṣùwọ̀n tuntun á kọ́kọ́ gbé ohun tó mọ ìwúwo ẹ̀ sórí ẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe é: ẹ wá táìmù-tébù ọdún kan tí gbogbo tíṣà fẹ́ràn, ẹ wá ti ọdún kan tí wọ́n fi bú yín títí sẹ́ṣọ̀n fi parí, ẹ ní kí ọmọ yín fi méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà kó fún wọn ní máàkì. Tí èyí tí wọ́n kórìíra bá gba máàkì ju èyí tí wọ́n fẹ́ràn lọ, kí ó má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bí ohunkóhun, òfin kan ṣì wà lórí yín tí kò tíì débẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1996, Adrian Thompson ní University of Sussex ní ìlú Ọba ní kí kọ̀ǹpútà to iná inú chip kan, igun kékeré kan tó jẹ́ 10 ní 10, kó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn méjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ (1 kHz) àti èyí tó ga (10 kHz). Ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn yàrá kan wà nínú chip yẹn tí wáyà kankan ò so wọ́n mọ́ ibi tí èsì ti ń jáde, síbẹ̀ tí ẹ bá pa wọ́n, iṣẹ́ á bàjẹ́. Ó ti rí ohun kan nínú irin yẹn gan-an tó ń lò, ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnjiníà kankan, tí wọ́n bá wá gbé e lọ sí igun míì tàbí tí ooru bá yí padà, kì í ṣe dáadáa mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó má lò ó. Maths máràrún ti JSS2B, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún yín ò ní sọ. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ FET, Liviu Lalescu ará Romania ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, táìmù-tébù ilé-ìwé nìkan ló ń ṣe. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, E tó wà láàárín orúkọ ẹ̀ dúró fún Evolutionary, bíbímọ yìí náà ló ń lò. Nígbà tó yá, ó pa bíbímọ tì, ó lọ mú ọ̀nà míì tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò bá sí àyè á ti èyí tó wà níbẹ̀ lọ síbòmíràn, èyí tí wọ́n tì náà á wá tirẹ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe é lórí kádíbọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́. Ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí ni pé táìmù-tébù ò dà bí áńtẹ́nà, a mọ ohun tó ń fa ìjà, a mọ ẹni tó jókòó sáyè ẹni, kò yẹ ká máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Wolpert àti Macready, ti fi ìṣirò sọ ọ́ láti 1997 pé kò sí ọ̀nà kan tó máa borí lórí gbogbo ìṣòro ayé. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé kí táìmù-tébù September ṣáà jáde lẹ fẹ́, FET ni kí ẹ gbà, owó kankan ò kúrò lápò yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ọmọ kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ tirẹ̀, inú mi á dùn, kó wá fi ti FET wé e.

Tí ẹnìkan bá wá tajà, ẹ bi í pé ìgbà mélòó ló ti gbé e rìn. Nǹkan tó ń lo oríire, èèyàn kì í gbé e rìn lẹ́ẹ̀kan kó wá mú èyí tó dáa wá fi yangàn, kó gbé e rìn bíi 30 ìgbà kó sì fi èyí tó burú jù nínú 30 hàn yín. Ẹ bi í pé tó bá jẹ́ táìmù-tébù kan ṣoṣo ló ń pààrọ̀ píríọ́dù méjì méjì nínú ẹ̀, tó ń fi èyí tó dáa sílẹ̀, tí kò sí bàbá tí kò sí ìyá, ṣé tirẹ̀ dáa ju ìyẹn lọ? Ojú ẹlòmíràn máa pọ́n níbẹ̀ o, torí wọn ò dán an wò rí. Ẹ sì bi í pé báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó wọn ẹyọ kan. Tiyín rọrùn, 100 lọ́nà ìran 500 jẹ́ 50,000, tí ẹyọ kan bá gba ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi parí. Àwọn tó ń ṣe imú reluwé, ká ní wákàtí kan ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn imú kan, 50,000 wákàtí ju ọdún márùn-ún ààbọ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ra kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ kí wọ́n lè máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó sì máa tọ́jú ibi tó dé sórí dísìkì ní gbogbo ìran bíi mẹ́wàá, ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ fún èèyàn kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ bá mi kọ ìwé òfin yẹn ná, ẹ béèrè ọjọ́ CDS lọ́wọ́ gbogbo kọ́pà yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó tún ń kọ́ṣẹ́ níbòmíràn ọjọ́ tí wọn kì í sí nílé-ìwé. Ẹ ò sì sọ fún mi, láàbù tiyín, ṣé ọ̀kan ni Physics àti Chemistry jọ ń lò, àbí méjì ni?